Sípíkà olówó ńlá, ìlù ò fọhùn: ṣé wáyà ni àbí kí ni?

BàbáTáíwò_Akóbọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àtìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń wò ó pé lọ́jọ́ kan èmi náà á ní sípíkà gidi, àwọn gogoro yẹn tó máa ń dúró nílẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé lọ òde àríyá o, ti inú ilé, èyí tí èèyàn á jókòó tì tí á máa gbọ́ bí olórin ṣe ń mí. Lọ́dún tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London bá mi rí tòkunbọ̀ kan rà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ń kó kúrò nílé ńlá lọ sí kékeré, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, ó sì dé láìfọ́, ẹ bá mi dúpẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa jà níbí pé tòun dáa ju tèmi. Iye tó ná mi náà, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ìyàwó mi mọ ìdajì ẹ̀.

Mo tò ó sí pálọ̀, mo so ó mọ́ ámpù mi, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, tó jẹ́ 80 watt. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi. Ọjọ́ kẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Béèsì ń kù rìrì bí ìgbà tí tírélà ń kọjá lójú títì, ohùn èèyàn wá ń jáde bí ẹni tó faṣọ bo ẹnu. Jùjú àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, ẹ sì mọ̀ pé níbi tí ìyáàlù bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin ni adùn ẹ̀ wà. Mo ń gbọ́ pé ìlù ń dún o, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí.

Èyí tó wá dun mí jù ni ti ìyá ìyàwó mi. Ọmọ Àyàn ni wọ́n, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni ilé bàbá wọn, ìlù ni wọ́n gbọ́ dàgbà. Wọ́n wá kí wa, mo ní kí n fi nǹkan dá wọn lára yá, wọ́n gbọ́ ọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní, "Bàbá Táíwò, kí ló ń ṣe ìlù yín yìí, ó ń kùn bí ẹni tí ibà mú. Rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ń pè é jù báyìí lọ." Rédíò kékeré o! Èyí tí wọ́n fi ọ̀já so eriá ẹ̀!

Bí pálọ̀ wa ṣe rí nìyí: ẹsẹ̀ bàtà 17 ní gígùn, 13 ní fífẹ̀, gíga ẹ̀ tó 10. Táìsì nílẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù, POP lókè. Sípíkà kọ̀ọ̀kan wà ní igun, ẹ̀yìn wọn sí ògiri ò ju 15 cm lọ, tẹlifíṣọ̀n àti ṣọ́kéèsì ìyàwó mi wà láàárín. Àga gígùn tí a ń jókòó sí fara ti ògiri tó dojú kọ wọ́n. Ẹnì kan tó ń ta nǹkan báyìí ti sọ fún mi pé wáyà ni, pé kí n mú 400,000 náírà wá fún wáyà tí wọ́n fi fàdákà bò. Ṣé kí n rà á? Àbí ámpù mi ló kéré?

WáyàLọ̀gá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rà á. Èèyàn ò lè ra Benz kó wá máa bu epo àdàlù sí i. Wáyà ni iṣan sípíkà. 80 watt yẹn náà kéré, ẹ wá 200 sókè.

OníSípíkà_Ọ̀ṣogbo

Bàbá Táíwò, ẹ kú ewu sípíkà. Ẹ dákun, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Iṣẹ́ sípíkà ni mo ń jẹ, mò ń tún un ṣe, mò ń kan àpótí ẹ̀, mi ò tíì rí tiyín ṣùgbọ́n mo lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ pé kò ní àbùkù kankan. Pálọ̀ yín ló ń kọrin mọ́ ọn.

Ẹ bu omi sínú bàsíà ńlá, ẹ mì ín síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i pé etí bàsíà lomi ti ń ru tó ń wálẹ̀, àárín gbùngbùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Bí béèsì ṣe ń ṣe nínú yàrá gan-an nìyẹn. Ohùn máa ń rin nǹkan bí 345 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 17 yín jẹ́ mítà 5.2, ẹ sọ ọ́ di méjì kó jẹ́ 10.4, ẹ fi pín 345, ohun tí ẹ máa rí ò ní jìnnà sí 33. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ìró èyíkéyìí tó bá ń gbọ̀n nígbà 33 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 33 Hz, pálọ̀ yín á gbà á mọ́wọ́, á máa fì í síwá sẹ́yìn bí omi bàsíà yẹn, kódà lẹ́yìn tí olórin ti dákẹ́. Ìlọ́po ẹ̀ náà ń bẹ, 66. Fífẹ̀ ilé yín ń fún yín ní bíi 44, gíga ẹ̀ ń fún yín ní bíi 57. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa yìí wá le, kì í jẹ́ kí béèsì jò síta, gbogbo ẹ̀ ló ń dá padà sínú ilé.

Níbo lẹ gbé sípíkà sí? Igun. Níbo lẹ jókòó sí? Ẹ̀yìn yín lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ wò ó, ẹ gbé ọwọ́ tó ń mi omi sí etí bàsíà, ẹ tún wá gbé etí ara yín sí etí bàsíà kejì, ẹ wá ń bèèrè pé kí ló dé tí omi fi kún yín létí.

Ìyẹn ni ti tírélà tó ń kọjá. Ti ìlù tí kò fọhùn yẹn, mo rò pé nǹkan méjì ló para pọ̀. Àkọ́kọ́, béèsì tó bá ti pọ̀ jù máa ń bo ohun tó wà lókè ẹ̀ mọ́lẹ̀, etí ọmọ èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ sọ pé 15 cm ló wà lẹ́yìn sípíkà, tí àpótí ẹ̀ bá jìn tó 35 cm bíi ti ọ̀pọ̀ wọn, á jẹ́ pé láti ojú kóònù, awọ iwájú sípíkà tó ń gbọ̀n, dé ògiri jẹ́ ààbọ̀ mítà. Béèsì kì í lọ síwájú nìkan, ó ń yí gba ẹ̀yìn àpótí, ó ń lọ gbá ògiri, ó ń padà wá bá ọmọ ìyá ẹ̀ tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Ó ti fi mítà kan pẹ́ sí i. Ní ibi tó bá ti bọ́ sí, ní nǹkan bí 172 Hz, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà, wọ́n á pa ara wọn. Ihò nìyẹn. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lásán máa ń wà láàárín nǹkan bí 85 sí 180 Hz, ẹ wá rí ibi tí ihò yẹn ṣí sí? Èdè tí wọ́n ń fi dò-re-mí sọ ni tiwa, ìlù tó ń sọ ọ́ ò ní ohun míì tó fi ń sọ̀rọ̀ ju kí ohùn ẹ̀ máa lọ sókè sódò lọ, nítorí náà ẹni tó ń gbọ́ orin òyìnbó lè má tètè fura, ọmọ Àyàn ò ní ṣàìfura. Ẹ bá mi kí ìyá yẹn, etí wọn pé.

Ohun tí ẹ máa ṣe ò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fa sípíkà kúrò nígun, ẹ fà á wá síwájú kó tó bíi 80 cm sí mítà kan láàárín ẹ̀yìn ẹ̀ àti ògiri. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n tẹ̀gbẹ́ má bá tẹ̀yìn dọ́gba, torí tí wọ́n bá dọ́gba, ihò méjì á bọ́ sójú kan. Ẹ gbé àga kan kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kí ó tó mítà méjì sí ògiri ẹ̀yìn. Má lọ jókòó sí àárín gbùngbùn náà o, ibẹ̀ lomi ò ti gbéra rárá, béèsì á pòórá. Kí àlàfo láàárín sípíkà méjèèjì má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àlàfo láti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí orí yín, bí ojú àdìrò mẹ́ta. Kí tweeter, èyí kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, wà níwọ̀n etí yín tẹ́ ẹ bá jókòó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa yí wọn kọjú sí yín díẹ̀díẹ̀, tí ohùn olórin á fi dúró sójú kan láàárín méjèèjì bí ẹni pé ó wà lórí ṣọ́kéèsì.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá gbé e dé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí kò bá sàmì, á rí ibi tó dáa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọn á gbálẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, kò ní rí i mọ́ títí ayé.

Ti ámpù, ẹ jẹ́ kó wà. Kí èèyàn kúrò ní 80 watt lọ sí 160, dB mẹ́ta péré, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ló máa fi kún un, etí yín á kàn mọ̀ pé nǹkan sún díẹ̀. Kó tó dún bí ìlọ́po méjì létí, agbára ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ariwo kọ́ lẹ ń wá.

Àǹtí_Leeds

Ọ̀gá Ọ̀ṣogbo ti sọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ fi ti ilẹ̀ àti ògiri kún un torí mo rí táìsì yẹn nínú ọ̀rọ̀ bàbá.

Táìsì, ògiri búlọ́ọ̀kù, POP, gíláàsì ṣọ́kéèsì, gbogbo ẹ̀ ló le. Tí ẹ bá pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín pálọ̀ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n pìrìpìrì lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń sọ "ṣ" di "ṣṣṣ". Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sáàárín sípíkà àti àga. Ti ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ jókòó sáyè yín, ẹ ní kí Táíwò gbé dígí ìyára dání kó máa fà á lọ lára ògiri, ibi tí ẹ bá ti rí ojú tweeter nínú dígí, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta padà wá bá yín. Ẹ fi kọ́tìnì tó wúwo síbẹ̀, tàbí pẹpẹ ìwé tí wọ́n to ìwé ńlá ìwé kékeré pọ̀ sí láìdọ́gba. Ṣe tọ̀tún tòsì. Aṣọ òkè àtijọ́ tí mọ́mì mi fún mi ni mo gbé kọ́ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ ilé ó tún ń ṣẹ̀ṣọ́, àwọn òyìnbó tó wá kí mi rò pé iṣẹ́ ọnà lásán ni.

Ẹ má ra páálí ẹyin o. Kò sí ohun tí páálí ẹyin ń dá dúró àfi owó yín. Fóòmù ibùsùn oní ínṣì mẹ́fà pàápàá, ohùn òkè ló lè gbà, béèsì 44 Hz ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìgbì ẹ̀ tó bíi mítà mẹ́jọ, ínṣì mẹ́fà kí ni?

Ilé tiwa níbí yàtọ̀ ṣá. Ògiri inú ilé mi pákó ni wọ́n fi ṣe egungun ẹ̀, wọ́n wá kan pátákó tí wọ́n fi POP ṣe mọ́ ọn, béèsì ń gba ibẹ̀ jáde lọ bá aládùúgbò, ìdí nìyẹn tí béèsì tèmi ò fi hó bíi tiyín ṣùgbọ́n tí màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ń kan ògiri láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kálukú pẹ̀lú ẹrù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ há yín lẹ́nu torí agbègbè mi ni. Ìlú kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń pè ní Ilkley, ibẹ̀ ni Gilbert Briggs ti bẹ̀rẹ̀ Wharfedale lọ́dún 1932, abẹ́ ilé ara ẹ̀ ló ti ń ṣe sípíkà. Nígbà tó yá, bàbá yìí kó sípíkà ẹ̀ lọ sí Royal Festival Hall ní London lọ́dún 1954, ó pe èrò, ó ń gbé ohùn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ olórin tó wà lórí ìtàgé gan-an kí àwọn èèyàn fi wé ara wọn. Òun yìí kan náà ló máa ń fi iyanrìn kún àárín pákó méjì kí àpótí má bàa máa gbọ̀n. Iyanrìn o! Kì í ṣe fàdákà. Raymond Cooke tó dá KEF sílẹ̀ ní Maidstone lọ́dún 1961 náà ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ rí. KEF ló ṣe ẹ̀yà inú LS3/5a, sípíkà pẹ́ńpẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC ṣe kí wọ́n lè máa fi gbọ́ ohùn nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba ètò níta. Kò ní béèsì tó ń mi ilé, síbẹ̀ títí dòní àwọn tó fẹ́ràn ohùn èèyàn ń wá a kiri, nígbà tí KEF sì pé 50 ọdún, òun ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe LS50 lọ́dún 2012. Tó bá jẹ́ pé ohùn lẹ fẹ́ gbọ́, àárín ni kẹ́ ẹ tọ́jú, béèsì á wá fúnra ẹ̀.

WáyàLọ̀gá

Ṣé ohun tí gbogbo yín wá ń sọ ni pé wáyà ò níṣẹ́? Mo fi wáyà olówó pààrọ̀ tèmi, mo sì gbọ́ ìyàtọ̀. Etí mi ni, kì í ṣe tìwé.

OníSípíkà_Ọ̀ṣogbo

Àbúrò, mi ò ní kò níṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbé iná dé ibẹ̀ láìjẹ nínú ẹ̀. Wáyà kọ́pà oní 2.5 mm² tí àwọn oníná ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó rọ̀ tó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ nínú, tí ó bá jẹ́ mítà márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, ìdènà inú ẹ̀ jẹ́ bíi 0.07 ohm. Sípíkà fúnra ẹ̀ jẹ́ 4 tàbí 8. Kí ni 0.07 fẹ́ gbà lọ́wọ́ 8? Ṣé ìwọ náà ò rí i pé lọ́jọ́ tó o pààrọ̀ wáyà, o fa sípíkà kúrò láyè ẹ̀, o dá a padà, kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀? Mi ò bú ẹ o, ó ti ṣe èmi náà rí.

Ohun tó yẹ kí èèyàn sọ́ra fún ni ayédèrú. Ọ̀pọ̀ wáyà pupa òun dúdú tí wọ́n ń tà, alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà ra á lára bí ẹni fi àtíkè kunjú. Ẹ fi abẹ ha okùn kan nínú ẹ̀, tó bá funfun nínú, òun nìyẹn. Ó tún máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kò ní dún, ṣùgbọ́n ìdènà ẹ̀ ju ti kọ́pà lọ dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀ náà tètè ń ṣí níbi tí wọ́n ti dè é.

Bàbá Táíwò, ẹ tún ṣí aṣọ ojú sípíkà, ẹ wo etí tó yí kóònù ká. Tó bá jẹ́ rọ́bà, kò séwu. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́; fóòmù tó ti pẹ́ máa ń rún bí àkàrà àná, ooru òun ọ̀rinrin tiwa ń mú kó yá. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe òpin ayé.

Àbúrò_Dídùn

Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà. Èmi ò tíì ra sípíkà ńlá, sitúdẹ́ǹtì ni mí, àmọ́ mò ń dárà pẹ̀lú ti kékeré nínú yàrá mi níbí, mo wá rí i pé kò yẹ kéèyàn máa fojú bù ú. Sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n ń pè ní REW, ọ̀fẹ́ ni, á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín fi ìró lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á wá yàwòrán ibi tí òkè wà àti ibi tí kòtò wà. Ó nílò maìkì tí wọ́n ti wọ̀n, ọ̀pọ̀ ń lo UMIK-1. Tí owó ẹ̀ ò bá tíì sí, ẹ wá ápù tó ń fọn ìró kan ṣoṣo, ẹ fi bọ 44 Hz, ẹ rọra máa rìn káàkiri pálọ̀, á yà yín lẹ́nu, ìgbésẹ̀ méjì ó kún fọ́fọ́, ìgbésẹ̀ mẹ́ta kò sí nǹkan kan. Ẹ má ṣí i sókè jù o, ìró kan ṣoṣo tó ń lọ láìdúró lè jó sípíkà.

Ẹ̀ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pupa àti dúdú ò forí gbárí. Ẹ tú wáyà kúrò lára ámpù pátápátá, ẹ mú bátìrì 1.5 tí wọ́n ń fi sí tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi orí ẹ̀ kan pupa, ìdí ẹ̀ kan dúdú, wéré báyìí, kóònù ńlá gbọ́dọ̀ sún síta. Tí ọ̀kan bá sún síta tí èkejì wọlé, wọ́n ń bá ara wọn jà nìyẹn.

Ìbéèrè témi: tí mo bá wà lórí ínfátà, sípíkà mi máa ń kùn zzzzz, tí wọ́n bá mú iná dé á dákẹ́. Kí ló fà á?

OníSípíkà_Ọ̀ṣogbo

Ínfátà rẹ yẹn ò fún ẹ ní iná tó rí wàmìwàmì bí ìgbì omi, bí àtẹ̀gùn ló ń gbé e jáde, gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ igun ẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára ni kó o rà tó bá tó àkókò. Nígbà tó o bá ṣì ń dúró, jẹ́ kí wáyà tó gbé ohùn jìnnà sí wáyà iná, kí wọ́n má sùn papọ̀.

BàbáTáíwò_Akóbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti padà dé, ọ̀rọ̀ sì pọ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe ti bátìrì, méjèèjì ló sún síta. Rọ́bà ló yí kóònù ká, kò rún. Mo wá ra ṣọ́ọ̀kì páálí kan. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ilẹ̀ pálọ̀ wa ti di bí ojú ọpọ́n Ifá, ìlà níbí, àgbélébùú lọ́hùn-ún, mo kọ "ó dáa" síbì kan, mo kọ "rárá o" síbòmíràn. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ̀rọ̀. Aládùúgbò wa kan wọlé wá yá ìgbálẹ̀, ó rí ẹfun nílẹ̀, ó ní òun á padà wá.

Mo lo ápù tí àbúrò sọ. Ní 44 Hz, lórí àga gígùn tí a ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí, ó kún débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú eyín. Nígbà tó dé 57, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kàràkàrà, mo rò pé sípíkà ti bàjẹ́, àyà mi já, mo paná wò, mo tún tan án, ó tún ṣe é. Àwòrán bàbá mi tó wà lára ògiri ni. Gíláàsì ẹ̀ ti tú nínú férémù láti ìgbà wo, a ò mọ̀. Mo ká pépà sẹ́yìn ẹ̀, ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ṣọ́kéèsì, mo fi tìmùtìmù kékeré tí wọ́n gé lára kànrìnkàn sí i lẹ́nu. Irin ojú fèrèsé náà ń ṣe tiẹ̀, ìyẹn ṣì wà ńbẹ̀, mi ò tíì rí wẹ́dà.

Ibi tó parí sí rèé: ẹ̀yìn sípíkà sí ògiri jẹ́ 85 cm, àlàfo àárín méjèèjì mítà 2.2, láti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí orí mi bíi 2.3. Mi ò gbé àga gígùn, ta ni ó gbé e? Àga oníjókòó kan ni mo fà wá síwájú, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tó wà nínú yàrá àlejò síwájú ẹ̀. Àdéhùn èmi àti ìyàwó mi ni pé ní ọ̀sán gbogbo nǹkan á padà sáyè ẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gbé bọ́ọ̀lù lu ú, tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ mo lè fà á jáde. Mo gé kápẹ́ẹ̀tì pélébé sábẹ́ sípíkà kó lè máa yọ̀ lórí táìsì. A ti nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, sẹ́lótéèpù kékeré mẹ́fà ló kù.

Béèsì ò hó mọ́. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo kọ́kọ́ rò pé ó ti dín kù, mo ti ń kábàámọ̀, àfi ìgbà tí gìtá béèsì rin láti òkè wá sísàlẹ̀ tí mo gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lápá òsì, ó jìnnà díẹ̀ sẹ́yìn. Mo dìde lọ wo ẹ̀yìn sípíkà bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, mi ò parọ́.

Ìyá ìyàwó mi wá ní Sátidé. Mo fi wọ́n sórí àga yẹn, mo fi àwo kan náà tí wọ́n bú lọ́jọ́sí sí i. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìyáàlù gba ọ̀rọ̀, mo rí i tí ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e lábẹ́nu, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n déédéé dúró. Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì í pè níbẹ̀ yẹn. Ọ̀nà ọ̀fun ìlù ẹ̀ ti rọ̀, kò fún okùn ẹ̀ dáadáa." Àwo tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, onílù ṣìlù nínú ẹ̀, ìgbà yìí ni ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi gbọ́ ọ!

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ó dáa o. Eélòó lẹ rà á?"

Ìyàwó mi wà ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà dúró kó gbọ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ta mí lọ́rẹ.

Àǹtí_Leeds

Bàbá Táíwò!!! Ṣé ẹ kì í ṣe pé ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ìdajì owó ni? 😂

BàbáTáíwò_Akóbọ̀

Ọ̀rọ̀ yẹn la wà lórí ẹ̀ láti Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ wẹ́dà tó ń gbé Akóbọ̀?